Àpò Eré fún Ọmọ Òrukàn: Bí Ìwà Ìlera Ṣe Ń Mọ́ni Lára



Bí òbí bá kú, a máa ń rántí oúnjẹ, aṣọ àti owó ilé ìwé ọmọ. Ohun kan wà tí a kì í sábà rántí: ohùn tó máa ń béèrè láràárọ̀ pé, "Ṣé o ti fọ ẹnu? Ṣé o ti fọ ọwọ́?" Ohùn yẹn ti dákẹ́. Bí a bá fi igbe àti pàṣán rọ́pò rẹ̀, ọmọ yóò fọwọ́ lójú wa, kò ní fọ ọ́ lẹ́yìn wa. Bí a bá sì ti fóònù lé e lọ́wọ́ kó lè jókòó jẹ́ẹ́, a kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a di àpò eré kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: ọṣẹ, pákò, okùn ìfò, agolo méjì tí ẹnu wọn kò mú, àti ọmọ ayò 66. Ọpọ́n ayò kan ń gba 48. Ẹ fi 18 kún un.

Èé ṣe tó fi jẹ́ 66? Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọpa ènìyàn 96 tí wọ́n ń kọ́ ìwà tuntun. Ìwádìí wọn jáde ní 2009. Nǹkan bí ọjọ́ 66 ni ìwà náà fi mọ́ wọn lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹlòmíràn yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ti ẹlòmíràn sì pẹ́ gan-an. Àgbàlagbà ni wọ́n, nítorí náà ẹ má sọ 66 di òfin fún ọmọdé.

Ẹ mú ìwà kan ṣoṣo, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ọmọ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrun Àsùbáà, kó kọ́kọ́ fi pákò fọ ẹnu. Bó bá ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọmọ ayò kan nínú agolo kìíní sọ sínú èkejì, kó gbọ́ bó ṣe dún. Lọ́jọ́ tí agolo kìíní bá ṣófo, ẹ jọ ta ayò, kí ẹ wá mú ìwà mìíràn, bíi fífi ọṣẹ fọwọ́ kó tó jẹun. Ìrọ̀lẹ́ ni ti okùn ìfò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ lo ara rẹ̀ dáadáa. Eré okùn àti tẹn-tẹn wà nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, bí ọmọ bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹ má da ọmọ ayò rẹ̀ padà. Ìwádìí yẹn kan náà fi hàn pé ọjọ́ kan tí a fò kì í ba iṣẹ́ jẹ́. Ọmọ tó ti pàdánù òbí mọ bó ṣe ń rí kí gbogbo nǹkan dànù lẹ́ẹ̀kan. Kò yẹ kí eré tún máa rán an létí. Èkejì, ẹ di àpò fún ọmọ tí ẹ bí nínú ilé náà pẹ̀lú, kí òrukàn má baà rò pé ìyà ni. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé ọmọ ayò jìnnà sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí ó lè há a lọ́fun.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ náà sí, kó sì fún wa ní sùúrù láti wo agolo náà kún. Àmín.