Kámẹ́rà Ní Ọrùn Àlejò



Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti òkè òkun gbé kámẹ́rà kọ́rùn wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ kò ní wá ohun tí yóò yà tì. Ní Ìkẹ́nnẹ́, yóò rí ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí wọ́n sin baba náà sí ní ọdún 1987. Bí ó bá fẹ́ ẹranko, kí ó kọjá sí ìlà-oòrùn, sí igbó Ọmọ ní apá Ìjẹ̀bú, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò láti ọdún 1977. Erin ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n erin kì í béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi àwòrán òun ṣe. Ènìyàn a máa béèrè.

Ìyáàfin Marilyn Houlberg, ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Chicago, fi kámẹ́rà ṣe ìwádìí láàrin àwọn Yorùbá fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1978, ìwé ìròyìn African Arts tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde lórí Egúngún ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ohun tí ó yẹ kí a yìn jù lára rẹ̀ ni pé kò fojú di àwọn ayafọ́tò ilẹ̀ yìí. Ó ṣàkíyèsí pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayafọ́tò a tẹ àwòrán èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, Táíwò àti Kẹ́hìndé a sì tún jókòó pọ̀.

Ní ọdún 1978 kan náà, Stephen Sprague, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ̀wé lórí bí Yorùbá ṣe ń jókòó fún fọ́tò: àgbà a wọ aṣọ tí ó dára jù, a gbé ọwọ́ lé itan, a sì wo kámẹ́rà tààrà láìrẹ́rìn-ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè kì í sábà fẹ́ èyí. Wọ́n fẹ́ yà á nígbà tí kò mọ̀, bóyá níbi tí ìyá àgbà ti ń fẹ́ iná pẹ̀lú aṣọ ilé lára, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgbésí ayé rí. Lójú ìyá náà, ìwọ̀sí ni. Ara rẹ̀ gan-an ni èyí tí ó wẹ̀ tí ó sì wé gèlè.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí kò sí àṣẹ láti yà rárá, Orò sì ni olórí wọn. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ìtàn àtijọ́, kí ó rántí oṣù keje ọdún 1999. Wọ́n pa obìnrin Hausa kan ní Ṣàgámù nítorí pé ó jáde ní òru Orò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa, ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò, ẹ̀san rẹ̀ sì dé Kánò. Ikú náà kò tọ́, kò sì sí àwíjàre fún un. Síbẹ̀, àlejò tí kò béèrè ọjọ́ tí a kì í jáde ń fi ara rẹ̀ wewu, ó sì ń fi ẹni tí ó gbà á sílé wewu pẹ̀lú.

Nítorí náà, kí kámẹ́rà wà nínú àpò ní ọjọ́ kìíní. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kí baálé, kí ó jókòó, kí ó sì jẹun bí wọ́n bá fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ṣì kù. Àkójọ fọ́tò tí Ìyáàfin Houlberg yà ní Nàìjíríà wà ní Washington, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyá tí akẹ́kọ̀ọ́ yà lánàá kò ní dé Washington. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ṣèlérí lẹ́tà fún un. Kí ó lọ sí ilé fọ́tò tí ó wà ní ìlú náà, kí ó tẹ ẹ̀dà kan, kí ó sì fi lé ìyá náà lọ́wọ́ kí ó tó wọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú.