Aṣọ Wa Wà Lára Sítáǹpù, Ẹ Má Jẹ́ Kó Kúrò Lọ́jà

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ta aṣọ bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Bódìjà, Ìbàdàn)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa aṣọ, torí aṣọ ni mò ń tà. Mi ò ní pẹ́, mo mọ̀ pé ata ẹlòmíì wà nínú oòrùn.

Nígbà tí a máa ń tò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́, ta ló ń wo àwòrán ara sítáǹpù? A ó fi itọ́ pa á, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò ìwé, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń kó o jọ sínú ìwé bí ẹni ń kó wúrà jọ, torí ohun tí orílẹ̀-èdè kan bá kà sí iyì ló máa ń yà sára sítáǹpù rẹ̀. Ní ọdún 1989, ìjọba Nàìjíríà tẹ sítáǹpù jáde fún aṣọ ìbílẹ̀. Aṣọ òfì wà níbẹ̀. Òfì o, irú èyí tí wọ́n ń hun ní Ìsẹ́yìn wa níbí!

Àwọn ìyá wa kò sì dúró de ìjọba kí wọ́n tó ṣe ìrántí. Ní 1935, King George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè. Àwọn òyìnbó tẹ sítáǹpù fún un, wọ́n ya ààfin Windsor sí i, wọ́n tà á ní Nàìjíríà. Àwọn aládìrẹ wa náà ya ọba àti ayaba sáàárín aṣọ, wọ́n pè é ní Olóba. Gbọ̀ngàn Mápó tó wà lórí òkè, wọ́n ya àwọn òpó rẹ̀ sára aṣọ, wọ́n fi ṣíbí sí àárín wọn, wọ́n sọ aṣọ náà ní Ìbàdàndùn. Sítáǹpù tiwọn nìyẹn. Ìdí ni wọ́n ró o mọ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ẹlẹ́kọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ gbágùúdá àti ìyẹ́ adìẹ ya á. Oníko, ìko ni wọ́n fi ń so ó. Alábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń rán an. Wọ́n á wá rì í sínú ìkòkò aró ẹ̀lú. Bó bá kọ́kọ́ jáde, bí ewé ló máa ń rí, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, títí yóò fi dú dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ o. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan wá sí ìṣọ̀ mi, ó fẹ́ ra àdìrẹ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó lókè òkun. Ó ní, "Ìyá, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, mo sì mọ̀. Nígbà tó padà wá, kò bú mi. Ó kàn yí aṣọ náà padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ó ní, "Ìyá tó bí mi, aláró ni. Ó yẹ kí n ti mọ̀." Mo dá owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n owó yẹn kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ta tẹ̀rọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó tọwọ́, tẹ̀rọ náà ni yóò rà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí:

1. Ẹ yí aṣọ padà kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n rì sínú aró, aró yóò ti kan ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣí.

2. Ẹ wo àwòrán rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn kì í ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì kó bára mu rẹ́gí.

3. Ẹ ya tọwọ́ sọ́tọ̀ lórí àtẹ, kí olúkúlùkù ní iye tirẹ̀. Bí a bá pe tẹ̀rọ ní àdìrẹ ọwọ́, ta ni yóò san owó aláró?

4. Ẹ sọ orúkọ aṣọ fún oníbàárà. Ẹni tó bá mọ̀ pé òpó Mápó ló ń ró, kò ní yọwó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Sítáǹpù lè pa àwòrán aṣọ mọ́, ṣùgbọ́n kò lè re aró. Àwa tó ń tà á ló lè mú kí aláró rí oúnjẹ jẹ, kí ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà. Òótọ́ lọjà ń fẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjà á tà o.