Ìdá Nínú Ìdá: Ìṣirò Tí Í Pa Ìjà Ogún



Àwọn òbí a máa bi àwa olùkọ́ léèrè pé kí ni ìwúlò ìṣirò ìdá tí àwọn ọmọ ń sá fún. Èsì wa ni pé ọjọ́ tí baálé ilé bá kú ni a ó mọ ìwúlò rẹ̀.

Ní ọdún 1962, ẹjọ́ ogún Dawodu ti Èkó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Aya mẹ́rin ni ó bí ọmọ mẹ́sàn-án fún olóògbé náà. Ìdájọ́ ni pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Nítorí náà, ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba 1/4.

Ẹ jẹ́ kí a fi irú ìpín bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ lórí oko kòkó éékà 48. Bí ìyá kan bá bí ọmọ mẹ́ta, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni 1/3 × 1/4. A ó fi òkè lọ́po òkè, a ó fi ìsàlẹ̀ lọ́po ìsàlẹ̀. Ó di 1/12, èyí tí í ṣe éékà 4. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu pé a lọ́po, ó sì kéré sí i: apá kan lára apá ni à ń wá.

Ojú wa ni ọmọ ìyá méjì ṣe pa irú ìpín yìí pọ̀. Ẹ̀gbọ́n kọ 2/12 sílẹ̀. Akọ̀wé ẹbí kọ 1/6. Àbúrò bínú pé wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fa àdá yọ. A fi igi ya oko náà sórí ilẹ̀ fún wọn. A fi 2 pín òkè, a fi 2 pín ìsàlẹ̀. 2/12 di 1/6, éékà 8 náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 2 pín ìsàlẹ̀ nìkan, yóò di 2/6, èyí tí í ṣe éékà 16: a ti wọ oko olóko nìyẹn! Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ lọ sílé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe yọ ọmọ yín kúrò ní ilé-ìwé, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, nítorí obìnrin náà ní ìpín nínú ogún bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó mọ ìdá, ìwé kò ní í rẹ́ ẹ jẹ.