Fífi Ewì Sí Orin fún Àwọn Ọmọ àti Agbo Ilé Wa

A fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí wa sí láti rí àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún yìí. Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí a sọ̀rọ̀ nípa orin nínú ìtàn Ìjọ, a sì gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà nínú ìtàn náà tí ó kan àwọn ọmọ wa lónìí ju gbogbo ìyókù lọ, òun ni a sì bẹ̀ yín kí ẹ bá wa gbé yẹ̀wò: báwo ni a ó ti ṣe fi ewì rere sí orin, kí àwọn ọmọ lè máa kọ ọ́ nínú ilé àti nínú ilé Ọlọ́run, kí wọn sì mọ ohun tí ẹnu wọn ń wí?

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun titun. Nínú ìwé Deuteronomi, orí 31, nígbà tí ọjọ́ ikú Mose súnmọ́ tòsí, Olúwa pàṣẹ fún un pé kí ó kọ orin kan sílẹ̀, kí ó sì fi í sí ẹnu àwọn ọmọ Israẹli. A ti fún wọn ní òfin ná. Síbẹ̀ Olúwa mọ̀ pé ohun tí a bá fi orin kọ́ ènìyàn kì í tètè bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ẹ wo Sáàmù 119 pẹ̀lú. Ìpín 22 ni ó ní, ẹsẹ 8 sì ni ó wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí iye lẹ́tà 22 ti èdè Heberu, kí ẹni tí ń kọ́ ọ sórí má bàa ṣìnà.

Àwọn Ìjọ ilẹ̀ òkèèrè tẹ̀lé ipasẹ̀ yìí. Ní ọdún 1524, Martin Luther àti Johann Walter tẹ ìwé orin kan jáde ní ilẹ̀ Jámánì, èyí tí wọn fi sí ọkàn láti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ní 1715, Isaac Watts tẹ ìwé ewì jáde ní èdè tí ó rọrùn fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1848, Cecil Frances Humphreys, ẹni tí a mọ̀ sí Ìyáàfin Alexander lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀, kọ ewì fún àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Ireland láti fi túmọ̀ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ fún wọn. H. J. Gauntlett ṣe ohùn orin fún ọ̀kan nínú wọn ní 1849, a sì ń kọ ọ́ ní Kérésìmesì títí di òní. Gbogbo wa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé míṣọ́nnì ni a jẹ nínú oúnjẹ yìí, a sì yó.

Nígbà tí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run túmọ̀ irú orin bẹ́ẹ̀ sí èdè wa, tí wọn sì kó wọn jọ sínú Ìwé Orin Mímọ́, iṣẹ́ ńlá ni wọn ṣe. Ọ̀rọ̀ náà di ti Yorùbá. Ṣùgbọ́n ohùn orin wà bí ó ti wà ní ìlú Òyìnbó. Níbí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ohùn bá gòkè tàbí bí ó bá sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kì í yí padà. Ní èdè tiwa, ohùn mẹ́ta ni ó wà, èyíinì ni dò, re, àti mí, àwọn ni wọn sì ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni tí ó bá pe ìyá ní ohùn tí kò gòkè, ìyà ni ó pè. Ìlú a di ìlù. Ọ̀rẹ́ a di ọrẹ. Ọ̀wọ̀ a di ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Ọmọdé kan lè dúró níwájú Ìjọ, nínú aṣọ funfun, kí ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìyá rẹ̀, kí etí wa sì máa gbọ́ pé nítorí ìyà ni ó ń dúpẹ́.

Àwa àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé a ti ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé kí a tó kọ ọ́ lórin. Ojú wa ni ó ń tún ohun tí etí wa gbọ́ ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní ìwé. Etí nìkan ni ìwé tirẹ̀. Bí orin bá ba ọ̀rọ̀ jẹ́, kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí ọ̀rọ̀ náà. Yóò kọ orin náà dáadáa, yóò sì dàgbà láì mọ ohun tí ó kọ. Aposteli Paulu fẹ́ kí a máa fi òye kọrin pẹ̀lú ẹ̀mí, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ̀wé sí àwọn ará Kọrinti. Àwọn ọmọdé ni wọn sì kọ́kọ́ ń pàdánù òye náà.

A kò sọ èyí láti gan àwọn orin tí ó tọ́ wa dàgbà. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé Ọlọ́run ti gbé àwọn ènìyàn dìde láàrín wa tí wọn rí àléébù yìí, tí wọn sì wá àtúnṣe sí i.

Ẹni kìn-ín-ní tí a ó dárúkọ ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí a bí ní 1855, tí ó sì kú ní 1930. Orin ni ó fi ń pe ènìyàn wá gbọ́ ìwàásù. Ó kọ orin ní èdè Yorùbá, ní irú ohùn tí etí ará ilé àti ará oko ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń kọ ọ́ ní ọ̀nà oko. Láàrín ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé 1920, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, a sì fi í sínú àwo giramafóònù. Orin Ìjọ tipa bẹ́ẹ̀ wọ inú yàrá, níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ gbé jókòó pọ̀ ní àṣálẹ́.

Ẹnì kejì ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tí a bí ní 1884. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ Trinity ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1914 títí di 1962 ni ó sì fi jẹ́ olórí orin ní ilé Ọlọ́run tí ó di Kàtídírà Kristi ní Èkó. Ní 1953 ó tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé inú ọ̀rọ̀ ẹnu ni orin Yorùbá ti ń jáde wá, a kò sì gbọdọ̀ ya àwọn méjèèjì nípa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdékùnrin tí ó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, ọmọ àlùfáà, tí a bí ní 1905. Nígbà tí ó dàgbà, ó fi ohùn orin ilẹ̀ wa ṣe orin dùùrù tí a ń tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ wo èso tí ń bẹ nínú kíkọ́ ọmọdé!

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pẹ̀lú ní ìpín nínú iṣẹ́ náà. Orin Yorùbá kan tí Àlùfáà A. T. Ọlájídé Olúdé ṣe nípa pípàdé Jésù ní ọjọ́ ìsinmi ni a túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà nínú ìwé orin àwọn Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a tẹ̀ ní 1989. Orin tí ó bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mu ní ilé, ó rí ilé gbà ní ìdálẹ̀.

Ewì tí kì í ṣe ti ilé Ọlọ́run pẹ̀lú yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí ìwé Aláwìyé, tí J. F. Ọdúnjọ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní 1943. Ewì inú rẹ̀ nípa iṣẹ́ ṣíṣe àti ìwà rere wà lórí ahọ́n àwọn tí ó ti di bàbá àgbà lónìí. Olùkọ́ a máa pè é, ọmọ a máa dáhùn, ohùn a sì máa lọ bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Ìdí nìyí tí kò fi parẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sí ilé. Ilẹ̀ Òkun ni ilẹ̀ wa: Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Títí di 1967 a wà lábẹ́ ìjọba Apá Àríwá. Lẹ́yìn èyí a wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Láti 1991 a wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Nínú gbogbo ìyípadà wọ̀nyí, èdè inú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ni a fi sin Ọlọ́run, ó sì so wá pọ̀ mọ́ àwọn ará wa ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó. A dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n èdè tí ìyá fi ń rẹ ọmọ ní Kábà kì í ṣe èdè inú ìwé náà gan-an. Ọ̀rọ̀ mìíràn ń bẹ nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ pẹ̀lú a sì máa yàtọ̀. Nítorínáà, orin tí a ṣe fún èdè ìwé kò lè gba ewì ẹnu Òkun; láti ẹnu Òkun fúnra rẹ̀ ni a ó ti ṣe ohùn rẹ̀.

Ewì náà pọ̀ ní ọwọ́ wa: oríkì ìdílé, orin ìrẹmọlẹ́kún, orin inú àlọ́, orin oko, orin ìgbéyàwó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni a kò kọ sínú ìwé kankan. Àwọn àgbà tí ó mọ̀ wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń sin wọ́n pẹ̀lú ohun tí wọn mọ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí ní Àbújá àti ní Èkó ń wá sí ilé ní ọdún, wọn kò sì lè dáhùn nígbà tí ìyá àgbà bá ń kì wọ́n. Yorùbá bọ̀, wọn ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Àwọn kan yóò wí pé ti abọ̀rìṣà ni àwọn ewì wọ̀nyí. Òtítọ́ ni pé ibi kan wà nínú wọn tí Kristẹni kò lè fi ẹnu kàn. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń rẹ ọmọ, àgbẹ̀ tí ń yìn ìkórè, àti ọmọ tí a ń rán létí iṣẹ́ rere bàbá rẹ̀, kò bọ òrìṣà kankan nínú èyíinì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti í ṣe é, nítorí àwọn olórí akọrin wa. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a pe ewì náà jáde léraléra, kí a tó fi ọwọ́ kan dùùrù. Lẹ́yìn náà, kí a kọ dò, re, mí sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Olúwa jẹ́ re, mí, re. Jésù jẹ́ mí, dò. Orin kò ní láti fò tó bí ohùn ti fò. Kí ó sáà gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gbé gòkè, kí ó sì sọ̀kalẹ̀ níbi tí ó gbé sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí a ṣọ́ra fún ẹsẹ kejì. Bí ẹsẹ kìn-ín-ní bá parí sí ìlú, orin yóò gòkè. Bí èkejì bá parí sí ayọ̀, ohùn kan náà yóò ba ayọ̀ jẹ́. Àwọn baba wa ti rí ọ̀nà àbáyọ sí èyí láti ìgbà pípẹ́: ègbè ni kì í yí padà, elé orin a sì máa yí ohùn rẹ̀ padà bí ọ̀rọ̀ bá ti yí. Ègbè kúkúrú ni ọmọdé yóò kọ́kọ́ mọ̀. Bàbá tàbí ìyá ni yóò dá orin. Lẹ́ẹ̀kẹ́ta, bí a bá pín orin sí ohùn mẹ́rin, tí ọ̀kan ń gòkè tí èkejì ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò tún fọ́. Nítorínáà, kí àwọn ọmọdé kọ ohùn kan náà, pẹ̀lú àtẹ́wọ́, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ Ìjọ yìí pé kí ó ṣe kí ariwo àjọ̀dún tó rọlẹ̀. Kí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ní ilé wọn, kí wọn fi fóònù gba ewì àti oríkì sílẹ̀, kí wọn sì kọ wọ́n sínú ìwé. Kí olórí akọrin ṣe ohùn fún Sáàmù kan àti ewì ilé kan, kí ó sì kọ́kọ́ kọ ọ́ fún ìyá àgbà kan tí kò mọ ìwé. Bí ó bá lè sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà láì ṣì í, orin náà pé. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan sì máa kọ ọ́ níbi àdúrà alẹ́ títí ọmọ tí ó kéré jù yóò fi mọ ègbè.

Iṣẹ́ náà kò béèrè owó púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dúró de ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn. Àwọn tí ó gbé Ìhìnrere wá fún wa fi orin sí ẹnu àwọn baba wa. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n àti sùúrù láti fi ọ̀rọ̀ àti orin, ní òdindi, sí ẹnu àwọn ọmọ wa. Àmín.