Ìbéèrè Tí Nọ́ọ̀sì Yóò Bi Yín Nípa Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré ni mo bá wá.

Àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ dàgbà. Ẹ lè pe òmíràn nínú wọn títí, kò ní bojú wẹ̀yìn. Òmíràn kì í nawọ́ sí nǹkan kí ẹ lè bá a wò ó. Ọ́tísíìmù ni dókítà ń pè é. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á bi òbí ní ìbéèrè, wọ́n á sì wo ọmọ bó ṣe ń ṣeré. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní M-CHAT. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 2001. Èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà ní ìbéèrè 20, fún ọmọ oṣù 16 sí 30.

Ìwé náà béèrè bóyá ọmọ ń ṣe bí ẹni ń fún ọmọláńgidi lóúnjẹ. Ìyá tí kò ra ọmọláńgidi rí yóò ní rárá. Bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ ń fi erùpẹ̀ se ọbẹ̀ nínú agolo mílíìkì! Ó so okùn mọ́ agolo mìíràn, ó ń fà á bíi tírélà tó ń jáde ní wáàfù, ó ń fọn fèrè, "Póó! Póó!" Eré tí wọ́n ń béèrè náà nìyẹn. Ẹni tó túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá tí kò yí àpẹẹrẹ rẹ̀ padà, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Ó tún béèrè bóyá ọmọ ń wo ojú yín. Nílẹ̀ wa, ọmọ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Àwọn kan á ní, "Ọmọ mi mọ̀wà hùwà ni." Ẹ dúró ná. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ kò tíì mọ àgbà bọ̀wọ̀ fún. Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, tí ẹ ń kì í, ṣé ó ń wojú yín, ṣé ó ń rẹ́rìn-ín? Èmi tí mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ọmọ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ kì í tètè ká ẹnikẹ́ni lára.

Ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ lè gbọ́ Yorùbá, Ìgbò àti Píjìn nínú ilé kan. Ìyẹn kì í fa ọ́tísíìmù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń sọ ni kí ẹ kà, èdè yòówù kó jẹ́.

Bí ìdáhùn tó ń kọni lóminú bá jẹ́ 3 sí 7, ó yẹ kí wọ́n tún bi yín lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ni kí ẹ sọ ti agolo àti erùpẹ̀. Bó bá tó 8, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, bí irú àwọn tó wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Dókítà ni yóò sọ bóyá ọ́tísíìmù ni, kì í ṣe ìwé.