Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Sọ Ọ̀rọ̀ Ikú?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì

Ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìdájọ́ ikú àti àwọn tí ó ń dá a. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, n kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò. Olùkọ́ ni mí, ìránṣẹ́ Ọlọ́run sì ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá fi ẹ̀sùn kan akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ̀ṣẹ̀ náà sì tó èyí tí a lè tìtorí rẹ̀ lé e lọ, ìbéèrè méjì ni àwa olùkọ́ máa ń bi ara wa. Èkíní: ǹjẹ́ ó ṣe é? Èkejì: bí ó bá ṣe é, kí ni ó tọ́ sí i? Ọmọ méjì lè jọ jí owó kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ olórí ète, kí èkejì sì jẹ́ ọmọdé tí a fi ìbẹ̀rù mú lọ. Bí a bá lé àwọn méjèèjì lọ bákan náà, a ti dáhùn ìbéèrè èkíní, a kò sì bi èkejì rárá. Ẹ fi ìbéèrè méjì yìí sọ́kàn.

Ní ayé àwọn baba wa ní Èkìtì, ẹjọ́ kékeré a máa parí lọ́dọ̀ baálé ilé tàbí lọ́dọ̀ olórí àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ààfin ni ó ń lọ. Ọba kì í sì í dá nìkan jókòó lé e. Àwọn ìjòyè a pé yí i ká, wọn a gbọ́ tẹnu olùfisùn, wọn a gbọ́ tẹnu ẹni tí a fi sùn, wọn a sì gbìmọ̀, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. N kò wí pé ìgbà náà kò ní àbùkù. Ẹrú àti àlejò tí kò ní ìbátan tí yóò gbẹnu sọ fún wọn kì í sábà rí àánú. Síbẹ̀ ìlànà kan wà níbẹ̀ tí ó dára: ẹnu kan ṣoṣo kì í pa ènìyàn.

Gẹ̀ẹ́sì dé pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀. Ní ilẹ̀ wọn, àwọn ará ìlú méjìlá tí à ń pè ní júrì ni ó ń dáhùn ìbéèrè èkíní. Adájọ́ a là wọ́n lóye òfin, àwọn a sì sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi. Fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n bá ti wí pé ó jẹ̀bi ìpànìyàn, adájọ́ kò ní yíyàn mọ́. Òfin ti dáhùn ìbéèrè èkejì ṣáájú, ikú ni. Ẹ̀bẹ̀ fún àánú nìkan ni júrì lè fi kún un. Òfin ọdún 1965 ni ó dá ìyẹgi àwọn apànìyàn dúró lọ́dọ̀ wọn.

Júrì dé Èkó, kò dé Èkìtì. Òfin ọdún 1914 tí ó dá kóòtù sílẹ̀ fún àwọn ẹkùn òkè fi ẹjọ́ ìpànìyàn sí ọwọ́ òyìnbó alákòóso ẹkùn. Ẹni tí ó ń ṣe ìjọba náà ni ó ń dá ẹjọ́, ògbifọ̀ sì wà láàárín òun àti olùjẹ́jọ́. A kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò wọlé. Gómìnà ní láti fọwọ́ sí ikú náà, ṣùgbọ́n ìwé ni Gómìnà ń kà, kò rí ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di ọdún 1933, nígbà tí a dá Ilé Ẹjọ́ Gíga sílẹ̀ fún wa tí a sì gba agbẹjọ́rò láyè.

Lónìí, júrì kò sí mọ́ ní Èkó pàápàá. Adájọ́ nìkan ni ó ń yẹ ẹ̀rí wò, òun nìkan ni ó sì ń sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Nígbà tí ó bá dé orí ìbéèrè èkejì, òfin so ó lọ́wọ́. Fún ìpànìyàn, àti fún ìdigunjalè pẹ̀lú ohun ìjà, ikú ni òfin pàṣẹ, àyàfi fún aboyún àti ọmọdé. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 gbà á láyè. Nítorí náà, ìbéèrè èkíní wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ìbéèrè èkejì kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú kóòtù. Èyí gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi.

Ẹnì kan yóò wí pé, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ńkọ́? Ó wà, títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ pàápàá, bí ẹ̀bi náà bá dúró, ikú náà dúró. Gómìnà ńkọ́? Òun ní àṣẹ láti dárí jì tàbí láti dín ìyà kù. Ní ọdún 2014, a dá ẹjọ́ ikú fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún ìdigunjalè. Àwọn kan ní adìẹ àti ẹyin ni ó jí. Àwọn mìíràn ní ohun ìjà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́yìn tí ariwo ti gba ìlú kan, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè pàṣẹ kí a dárí jì í. Mo yọ̀ pé àánú dé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ní kóòtù ní ọjọ́ kan, ọdún mẹ́wàá kọjá kí a tó bi í. Àwọn tí ó ń dúró de ikú ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa ju 3,000 lọ. Ta ni yóò pariwo fún wọn?

Àwọn ẹlòmíràn ti ronú sí i. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jùlọ wí ní ọdún 1976 pé òfin kò gbọdọ̀ fi ikú ṣe dandan láìwo irú ẹni tí olùjẹ́jọ́ jẹ́. Júrì wọn a jókòó lẹ́ẹ̀kejì nítorí ìbéèrè èkejì. Ní Texas, gbogbo àwọn méjìlá ní láti fohùn ṣọ̀kan kí ikú tó dé; ṣùgbọ́n ní Florida, láti ọdún 2023, ẹni mẹ́jọ tó. Ní Áfíríkà wa níhìn-ín, àwọn ilé ẹjọ́ Màláwì ní 2007, ti Ùgáńdà ní 2009 àti ti Kẹ́ńyà ní 2017 ti fagi lé ikú dandan. Ghana, tí júrì ẹlẹ́ni méje wà lọ́dọ̀ wọn, mú ikú kúrò lórí ìpànìyàn ní 2023.

N kò gbàgbé ẹkún àwọn tí a pa ènìyàn wọn. Ní oṣù Kínní ọdún 2024, a pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ilẹ̀ Èkìtì yìí. Ní ọjọ́ kan náà, a jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn gbé ní Èmùré. Ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ àánú ní Èkìtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n bí inú bá ṣe ń bí wa tó ni ó yẹ kí ọwọ́ wa rọra tó, nítorí ìbínú kì í mọ ojú ẹni tí ó jẹ̀bi yàtọ̀ sí ti ẹni tí a ṣèèṣì mú.

Ǹjẹ́ júrì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Rárá. Níbi tí ìdílé ti mọ ìdílé bíi tiwa, ìbátan àti ọ̀tá yóò wọ inú àwọn méjìlá náà. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí gbé lọ bá àwọn aṣòfin wa. Kí adájọ́ mẹ́ta máa jókòó pọ̀ lórí ẹjọ́ tí ó lè já sí ikú. Kí ìjókòó kejì wà, níbi tí a ó ti gbọ́ nípa ọjọ́ orí, ìgbé ayé àti ipa ẹni tí ó jẹ̀bi, àti ohùn ìdílé ẹni tí ó kú, kí àwọn adájọ́ sì ní agbára láti yan ẹ̀wọ̀n gbére dípò ikú. Kí òfin sì dá ọjọ́ fún gómìnà láti dáhùn ẹ̀bẹ̀ àánú, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni ń fọ́. Ọ̀rọ̀ ikú ni ó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀. Bí a bá tilẹ̀ gbà pé ó yẹ kí a sọ ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu kan dá a sọ, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a sọ ọ́ láìwo ojú ẹni tí à ń sọ ọ́ sí.