Eku Tó Dá Gbé àti Oògùn

 

Ẹni tó bá ra ewúrẹ́ kan ṣoṣo ní ọjà Àtákúmọ̀sà, tó sì so ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mọ̀ pé oorun alẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Ewúrẹ́ náà yóò ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ebi kọ́, òùngbẹ kọ́; agbo tó fi sílẹ̀ ló ń wá. Igbe yẹn ni à ń gbọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ ni a kò rí, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn onímọ̀ tó ń dán oògùn wò kí ó tó kan ènìyàn a máa lo eku funfun. Ó rọrùn láti rò pé bí oúnjẹ bá wà, tí omi wà, tí àgò sì mọ́, eku tó dá gbé kò yàtọ̀ sí eyí tó ní ẹgbẹ́. Ní 1963, Hatch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé ìwádìí jáde pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi eku kọ̀ọ̀kan sínú àgò tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì kó àwọn mìíràn pọ̀. Àwọn tó dá gbé di oníjà: bí a bá nawọ́ sí wọn, wọn a ta gìrì, wọn a fẹ́ gé ni jẹ. Awọ ìrù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Nígbà tí wọ́n wá fún wọn ní isoproterenol, oògùn tó máa ń mú ọkàn sáré, ìwọ̀n tí àwọn eku ẹlẹ́gbẹ́ ń fara dà ló ń pa àwọn tó dá gbé. Oògùn kan náà ni o!

Kí ló lè fà á? Lórí kíndìnrín wa, àti ti eku, ni ẹ̀yà ara kékeré kan jókòó sí bí fìlà. Bí ìbẹ̀rù bá dé, òun ló ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, tí àyà fi ń lù kìkì, tí ara fi ń múra fún ìjà tàbí eré sísá. Èyí dára bí ejò bá yọ lójú ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n bí ìdààmú náà bá wà níbẹ̀ lóṣù méjì, lóṣù mẹ́ta, ara kò sinmi mọ́. Oògùn tó bá bá irú ara bẹ́ẹ̀ pàdé lè ṣe ju bí a ti rò lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìwé ìwádìí sọ iye ẹranko tó wà nínú àgò kan.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀pọ̀ ṣáà dára nígbà gbogbo. Ní 1946, Chance, ará Ìlú Ọba, ti fi hàn pé ìwọ̀n amphetamine tí eku kékeré kan lè yè nígbà tó dá wà lè pa á bí a bá há a mọ́ àárín àwọn mìíràn. Ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ìhámọ́. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Òṣogbo sí Iléṣà lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ kò nílò àlàyé.

Ènìyàn kì í ṣe eku. Síbẹ̀, nílẹ̀ wa níbí, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi ẹgbẹ́ kún ìtọ́jú láti 1954. Ní Àró, kò fẹ́ kí a máa ti aláìsàn ọpọlọ mọ́ yàrá. Ó bá àwọn baálé abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sílé. Ẹbí kan ní láti bá aláìsàn wá, bóyá ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Bí oògùn bá ṣe é bákan lóru, ẹni tó sùn tì í ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.